Bí Ètò Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Láti Tọrọ Àṣẹ

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ètò tuntun sórí kọ̀ǹpútà rí ní Ìlaròó tàbí Ayétòrò ti pàdé ìbéèrè yìí. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣú díẹ̀, àpótí kékeré kan á yọ sí àárín, á ní ṣé kí òun jẹ́ kí ètò yìí ṣe àyípadà sí kọ̀ǹpútà rẹ. Bọ́tìnì méjì péré ló wà níbẹ̀, Yes àti No. Ọ̀pọ̀ wa kì í ka ohun tí wọ́n kọ sínú àpótí náà. A ó tẹ Yes, a ó sì máa bá iṣẹ́ wa lọ. Bẹ́ẹ̀ ọdún 46 ló gba àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, láti 1961 títí di 2007, kí wọ́n tó gbé ìbéèrè yẹn ka iwájú ẹni tó ń lo Windows nínú ilé ara rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ìbéèrè náà ni mo fẹ́ tọpa rẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò ní ilẹ̀ wa ti pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń ki ìbéèrè yẹn bọ inú ètò wọn láìmọ ìdí tó fi wà.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ilẹ̀ ẹnubodè ni ilẹ̀ wa, láti ìgbà tí òyìnbó kò tíì pààlà. Ọ̀nà ọjà tó ti Ọ̀yọ́ Ilé bọ̀ wá sí Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ gba àárín ilẹ̀ Ẹ̀gbádò kọjá, ilẹ̀ tí a yí orúkọ rẹ̀ sí Yewa ní 1995. Aláàfin kò fi ọ̀nà náà sílẹ̀ lásán: ó fi Onísàré sí Ìjànnà kó máa ṣojú òun. Nígbà tí òyìnbó arìnrìn-àjò Hugh Clapperton kúrò ní Àgbádárìgì ní oṣù Kejìlá 1825, Ìjànnà wà lára àwọn ìlú tó gbà kọjá lọ sí Ọ̀yọ́. Richard àti John Lander, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tọ ọ̀nà náà ní 1830. Oníbodè ló ń béèrè ẹni tí o jẹ́, ohun tí o rù àti ibi tí ò ń lọ. O ó san owó ibodè, o ó sì kọjá. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọjá ẹnubodè Ìjànnà kò tipa bẹ́ẹ̀ di Onísàré. Àlejò ṣì ni, iṣẹ́ tó bá wá náà ni wọ́n gbà á láyè láti ṣe. Pé àyè ìkọjá yàtọ̀ sí oyè ìlú, oníbodè mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Àwọn kọ̀ǹpútà ìṣáájú kò mọ ẹnìkan yàtọ̀ sí ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n, tó ń gba odidi yàrá, iṣẹ́ ẹnìkan ni wọ́n sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan. Irú rẹ̀ ló dé Nàìjíríà ní nǹkan bí 1963, nígbà tí ìjọba ń wá ohun tí yóò bá a ṣírò èsì ètò ìkànìyàn. Ìlẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ nìkan ni ààbò tó wà: ẹni tó bá ti wọlé ti ní gbogbo àṣẹ. Ní MIT ní Amẹ́ríkà ni nǹkan ti kọ́kọ́ yí padà. Ní oṣù Kọkànlá 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ètò kan tó ń jẹ́ CTSS han aráyé, èyí tó jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa lo kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lákòókò kan náà, kálukú níbi tó jókòó sí. Bí fáìlì onífáìlì ṣe wá kóra jọ sínú ẹ̀rọ kan, ó di dandan kí wọ́n ya ti Lágbájá sọ́tọ̀ kúrò lára ti Tàmẹ̀dò, wọ́n sì fún oníkálukú ní páásíwọ́ọ̀dù.

Kò pẹ́ rárá tí ọgbà náà fi ní ihò. Ní 1962, Allan Scherr, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, rí i pé wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fún òun lọ́sẹ̀ kò tó iṣẹ́ òun. Ó fi káàdì kan sọ fún ẹ̀rọ pé kó tẹ fáìlì tí páásíwọ́ọ̀dù gbogbo ènìyàn wà nínú rẹ̀ sórí ìwé, ẹ̀rọ sì tẹ̀ ẹ́ fún un. Ẹ̀rọ náà ti mọ bí a ṣe ń béèrè orúkọ ẹni tó ń wọlé. Kò tíì mọ bí a ṣe ń béèrè bóyá ẹni tó wọlé lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ń tọrọ.

Àwọn tó fèsì sí ìyẹn lọ́nà tó tọ́jọ́ ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Unix ní ilé ìwádìí Bell Labs ní 1969. Nínú Unix, nọ́ńbà ni ẹ̀rọ fi ń mọ aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 0 jẹ́ ti root, ẹni tó lè ka fáìlì gbogbo ènìyàn, tó lè pa á rẹ́, tó lè yí ohunkóhun padà. Àwọn yòókù ní ààlà tiwọn. Ètò yìí dára, àmọ́ ó bí ìṣòro kan. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù mi, inú fáìlì tí root nìkan lè kọ nǹkan sí ló wà. Ṣé kí n máa lọ bẹ root ní gbogbo ìgbà ni? Àbí kí root kó gbogbo agbára rẹ̀ fún mi nítorí ọ̀rọ̀ kan péré? Ritchie wá àmì kékeré kan, setuid, tí a lè fi sára ètò. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ètò tó ní àmì yìí, àṣẹ ẹni tó ni ètò ni ètò náà yóò fi ṣiṣẹ́, àṣẹ ẹni tó ṣí i kò kàn án mọ́. Ètò tó ń pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù wá ní agbára root, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ló mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n forúkọ ìmọ̀ náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní 1973, ìjọba sì fọwọ́ sí i ní 1979 pẹ̀lú nọ́ńbà 4,135,240, kí wọ́n tó yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Lójú tèmi, kò sí ohun tó jinlẹ̀ tó setuid nínú gbogbo ìtàn yìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti so agbára mọ́ iṣẹ́, tí wọ́n tú u kúrò lára ènìyàn. Ṣùgbọ́n ó ní àìsàn tirẹ̀: setuid fúnra rẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Bí àṣìṣe bá wà nínú ètò tó ní in, ẹni tó bá rí àṣìṣe náà ti di root. Ní oṣù Kìíní 2022, àwọn olùṣàwárí tú àṣírí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ nínú pkexec, ètò tó wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux; àṣìṣe náà ti wà níbẹ̀ láti 2009. Nítorí irú ewu yìí ni Jerome Saltzer àti Michael Schroeder ṣe kọ ọ́ ní 1975 pé kí ètò kọ̀ọ̀kan máa fi àṣẹ tó kéré jù lọ tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò ṣiṣẹ́, kó má ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí 1980, Bob Coggeshall àti Cliff Spencer kọ sudo ní yunifásítì ìpínlẹ̀ New York tó wà ní Buffalo. Ẹni tí wọ́n bá gbà láyè á pe sudo síwájú iṣẹ́ kan, iṣẹ́ yẹn nìkan ni yóò fi agbára root ṣe, yóò sì padà di ara rẹ̀.

Gbogbo ọgbọ́n yìí ti wà nílẹ̀ nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà kékeré jáde ní oṣù Kẹjọ 1981, tí Microsoft sì pèsè DOS fún un. Wọn kò mú ọ̀kankan nínú rẹ̀ lò. Ẹ̀rọ ẹnìkan ni, wọ́n ní; ta ló tún fẹ́ ya ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára ara rẹ̀? DOS kò mọ aṣàmúlò, kò mọ alákòóso tí agbára rẹ̀ dà bí ti root. Ètò ìkọ̀wé lè pa gbogbo ohun tó wà lórí díìsìkì rẹ́, eré ọmọdé lè kọ nǹkan sí ibi tí DOS fúnra rẹ̀ ń gbé. Alágbára má mèrò ni gbogbo ètò ìgbà náà, àwọn tó ń kọ wọ́n sì dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó rí. Ìgbàgbọ́ yẹn ni Windows fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbìyànjú láti mú kúrò lọ́kàn wọn.

Ní 1981 yẹn kan náà, nǹkan mìíràn bẹ̀rẹ̀ tó kan àwa ará ẹnubodè gan-an. ECOWAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1975, ní kí UNCTAD, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò, ran òun lọ́wọ́ láti ṣe àkójọ ìṣirò ọjà tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde ní àwọn orílẹ̀-èdè rẹ̀. Iṣẹ́ náà ló bí ètò kọ̀ǹpútà kọ́sítọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ ASYCUDA, tí àwọn tó ń sọ Faransé ní Benin mọ̀ sí SYDONIA. Láti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ti dé iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù ní orílẹ̀-èdè tó lé ní 100. Kò ṣeé ṣe fún irú ètò yìí láti ronú bí DOS. Ẹni tó kọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i pé kó kọjá, nítorí náà oríṣiríṣi àṣẹ ni wọ́n ń pín fún oríṣiríṣi òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ẹnubodè ti mọ ìyapa yìí kó tó di pé ẹni tó ra kọ̀ǹpútà sílé gbọ́ nípa rẹ̀.

Microsoft náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n gba Dave Cutler, tó ti ṣe ètò VMS ní ilé-iṣẹ́ Digital, òun ló sì ṣáájú àwọn tó kọ Windows NT, tó jáde ní oṣù Keje 1993. Nínú NT, aṣàmúlò kọ̀ọ̀kan ń gba ìwé àṣẹ nígbà tó bá wọlé, fáìlì kọ̀ọ̀kan sì ní àkọsílẹ̀ ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ́fíìsì ńláńlá ni NT lọ, Windows 95 tó jáde ní oṣù Kẹjọ 1995 ló wá sílé, ìyẹn sì jẹ́ ọmọ DOS. Nígbà tí wọ́n pa ìdílé méjèèjì pọ̀ nínú Windows XP ní oṣù Kẹwàá 2001, ìpìlẹ̀ NT ni wọ́n kọ́ ilé náà lé, àmọ́ wọ́n bẹ̀rù pé ètò àtijọ́ kò ní ṣiṣẹ́ bí aṣàmúlò kò bá lágbára. Wọ́n wá sọ gbogbo ẹni tí a bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí a ń gbé XP sórí ẹ̀rọ di alákòóso. Oníbodè wà lẹ́nu ìloro, oyè ìlú ló sì ń pín fún gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Àsìkò náà gan-an ni kọ̀ǹpútà ń ya wọ ìlú wa. Fóònù GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní oṣù Kẹjọ 2001. Okùn SAT-3 tó gba abẹ́ òkun dé Èkó àti Kútọnu ní 2002. Káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sì tàn kálẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ìlaròó ti ní Pólí ìjọba àpapọ̀ láti 1979, Ayétòrò ní ọgbà ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì wà, ẹni tó ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá kò ní ṣàìwà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan, ọgọ́rùn-ún ọwọ́. Fíláàṣì tó ti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì ni fáírọ́ọ̀sì ń gùn kiri, nítorí Windows ìgbà náà máa ń ṣí ohun tó bá bá lórí fíláàṣì fúnra rẹ̀, gbogbo ohun tó bá sì ṣí, àṣẹ alákòóso ló fi ń ṣí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá tẹ orí kẹta iṣẹ́ rẹ̀ jáde á padà sílé pẹ̀lú fíláàṣì tí fódà rẹ̀ gbogbo ti di shortcut. Mo rántí ojú àwọn tí iṣẹ́ wọn ṣòfò bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹni tó pín agbára láìbéèrè ló jẹ̀bi.

Ní òkè òkun, owó tó ṣòfò ló jí àwọn ọ̀gá. Fáírọ́ọ̀sì ILOVEYOU jà ní oṣù Karùn-ún 2000, Code Red ní 2001, Blaster ní oṣù Kẹjọ 2003. Ní 15 oṣù Kìíní 2002, Bill Gates kọ̀wé sí gbogbo òṣìṣẹ́ Microsoft pé láti ọjọ́ náà lọ, ààbò ni kí wọ́n fi ṣáájú. Ohun tí lẹ́tà náà bí ní ti ọ̀rọ̀ tiwa yìí ni User Account Control, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní UAC. Inú Windows Vista ló wà, èyí tó dé ọwọ́ aráàlú ní 30 oṣù Kìíní 2007.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Bí alákòóso bá wọlé, Windows á ṣe ìwé àṣẹ méjì fún un: ọ̀kan kún rẹ́rẹ́, wọ́n ti yọ agbára ńlá kúrò nínú èkejì. Èkejì yìí ni gbogbo ètò rẹ̀ ó máa fi ṣiṣẹ́, láti orí ètò ìkọ̀wé dé orí ètò íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àkọ́kọ́ á wà ní ìpamọ́ títí ètò kan yóò fi tọrọ rẹ̀, tí ẹni tó jókòó síbẹ̀ yóò sì gbà. Bí ẹni tó jókòó kì í bá ṣe alákòóso, Yes nìkan kò tó. Àfi kí alákòóso wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà tó ń ṣú yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: Windows ń gbé àpótí náà lọ sí ibi tí ètò mìíràn kò lè nawọ́ dé, kí fáírọ́ọ̀sì má baà bá wa tẹ Yes.

Báwo wá ni ètò ṣe ń tọrọ? Ẹni tó kọ ètò ló máa ń fi ìwé kékeré kan sínú rẹ̀, manifest. Ìlà kan wà nínú ìwé náà tó ń jẹ́ requestedExecutionLevel, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ mẹ́ta la sì lè kọ síbẹ̀. Ẹni tó kọ asInvoker gbà pé àṣẹ ẹni tó ṣí ètò òun ti tó òun. Ẹni tó kọ highestAvailable ń fẹ́ èyí tó ga jù nínú àṣẹ tí ẹni náà ní. Ètò tí wọ́n kọ requireAdministrator sínú rẹ̀ kò ní ṣí rárá láìsí àṣẹ alákòóso. Àwọn tó ń kọ C# nínú Visual Studio máa ń yí i padà nínú fáìlì app.manifest, àwọn tó ń kọ C++ lè fi /MANIFESTUAC sọ ọ́ fún linker. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ètò tí a kọ requireAdministrator sínú rẹ̀ á máa tọrọ àṣẹ ní gbogbo ìgbà tí a bá ṣí i.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń béèrè ìdí tó fi jẹ́ ìgbà tí ètò ń ṣí ni ìbéèrè náà gbọ́dọ̀ wá, tí kò fi lè dúró dìgbà tí a bá tẹ bọ́tìnì kan nínú ètò. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìgbà tí ètò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni Windows ń so ìwé àṣẹ mọ́ ọn lára, kò sì sí ọ̀nà láti fi agbára kún un mọ́ lẹ́yìn náà. Ètò tó bá nílò agbára ní agbede-méjì iṣẹ́ ní láti pe ètò mìíràn dìde pẹ̀lú ọ̀rọ̀ runas, kí ìyẹn lọ tọrọ tirẹ̀. Bí ètò kan bá fi CreateProcess pe ètò tó ní requireAdministrator, tí òun fúnra rẹ̀ kò sì ní àṣẹ náà, nọ́ńbà 740 ni Windows yóò fi dá a lóhùn, ìyẹn ni pé àṣẹ rẹ kò tó.

Agbára yìí kì í wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò tó ti di alákòóso kò ní gba fáìlì tí a bá fi máòsì fà láti inú fódà wá sínú rẹ̀, nítorí Windows kì í jẹ́ kí ètò tí àṣẹ rẹ̀ kéré máa rán iṣẹ́ sí èyí tí àṣẹ rẹ̀ ga. Díráífù tí a so mọ́ kọ̀ǹpútà láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè pòórá lójú rẹ̀. Bí a bá ní kó máa ṣí fúnra rẹ̀ ní kété tí a bá wọlé, Windows kò ní jẹ́ kó ṣí.

Fún àwọn ètò àtijọ́ tí kò ní manifest rárá, Windows wá ọgbọ́n méjì tó ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ọ̀kan ni pé ó ń fi orúkọ mọ ètò tó fẹ́ gbé nǹkan sórí ẹ̀rọ: bí setup, install tàbí update bá wà nínú orúkọ ètò, á béèrè àṣẹ alákòóso. Ọmọ Pólí tó kọ ètò láti tún máàkì ṣe, tó sọ ọ́ ní UpdateResult, lè fi gbogbo òru wá ohun tó ń mú ètò rẹ̀ béèrè àṣẹ, nígbà tó jẹ́ pé orúkọ ni. Ọgbọ́n kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ètò àtijọ́ bá fẹ́ kọ nǹkan sínú Program Files láìní àṣẹ, Windows kò ní sọ pé rárá. Yóò dárí ohun tó kọ lọ sí fódà ìkọ̀kọ̀ aṣàmúlò náà, VirtualStore. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tí ẹni méjì ń lo kọ̀ǹpútà kan, tí olúkúlùkù ń fi orúkọ tirẹ̀ wọlé. Ọjà tí ẹni àárọ̀ kọ sílẹ̀ kò ní hàn sí ẹni ìrọ̀lẹ́. Ìwé owó méjì ni wọ́n ń kọ láìmọ̀, ìjà á sì wà láàárín wọn kí ẹnikẹ́ni tó rántí wo kọ̀ǹpútà.

Inú aráyé kò dùn sí Vista. Ìbéèrè pọ̀ jù. Ní oṣù Kẹrin 2008, níbi àpéjọ RSA lórí ààbò kọ̀ǹpútà ní San Francisco, David Cross tó jẹ́ ọ̀gá kan ní Microsoft sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn fi UAC síbẹ̀ láti fi yọ aṣàmúlò lẹ́nu ni, kí ariwo aṣàmúlò lè mú àwọn tó ń kọ ètò yíwà padà. Ó ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n kan. Microsoft kéde pé láàárín oṣù Kẹjọ 2007 sí oṣù Kẹjọ 2008, iye ètò àti iṣẹ́ tó ń fa ìbéèrè náà já wálẹ̀ láti 775,312 sí 168,149. Àmọ́ ìyà náà ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ará Yewa mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè Ìdírókò pa láti oṣù Kẹjọ 2019 títí di oṣù Kẹrin 2022: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ jìyà, fàyàwọ́ sì wá ọ̀nà inú igbó. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aṣàmúlò ṣe lọ pa UAC pátápátá. Windows 7 tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2009 ní láti dín ìbéèrè kù, kó sì jẹ́ kí ènìyàn yan bí yóò ṣe máa dé lemọ́lemọ́ tó.

Lọ́dọ̀ wa, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn wá. Ẹ mú kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù tí a bá fi irinṣẹ́ Microsoft, MSKLC, ṣe gbọ́dọ̀ lọ sínú System32, àárín gbùngbùn Windows, alákòóso nìkan ló sì lè gbé e síbẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ ló ń gba inú kíbọ́ọ̀dù kọjá, títí kan páásíwọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé ni pé ọmọ tó fẹ́ fi àmì sórí orúkọ ara rẹ̀ ní láti dúró de ẹni tó ni páásíwọ́ọ̀dù alákòóso, ìyẹn sì lè má wá lọ́jọ́ yẹn. Ó ń dùn mí. Orúkọ ọmọ náà á wọ inú ìwé láìlámì nítorí àṣẹ tí kò sí nítòsí. Lódì kejì, àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Ọ̀tígbà, ní Ìkẹjà, sábà máa ń wá pẹ̀lú aṣàmúlò kan ṣoṣo tó jẹ́ alákòóso, tí kò ní páásíwọ́ọ̀dù. Bàbá, ìyá, ọmọ àti àlejò, gbogbo wọn ni alákòóso.

Àpótí náà fúnra rẹ̀ kò sì bá gbogbo ètò lò dọ́gba. Ètò tí ẹni tó kọ ọ́ ti ra ìwé ẹ̀rí láti fi buwọ́ lù ú á fi orúkọ rẹ̀ hàn. Èyí tí kò ní, àwọ̀ ìkìlọ̀ ni yóò gbé jáde, pé a kò mọ ẹni tó ṣe é. Dọ́là ni wọ́n ń fi ra ìwé ẹ̀rí yìí, wọ́n sì ń tún un rà, láti oṣù Kẹfà 2023 ó sì ti di dandan kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa gbé inú ohun èlò ààbò ọ̀tọ̀. Ọ̀dọ́ tó kọ ètò owó ilé-ìwé ní Ayétòrò kò ní í. Nítorí náà, bí ètò rẹ̀ bá ń tọrọ àṣẹ alákòóso lójoojúmọ́, ohun tó ń kọ́ akọ̀wé ilé-ìwé náà lójoojúmọ́ ni pé kó máa tẹ Yes sí ètò tí a kò mọ ẹni tó ni ín. Ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì bá dé pẹ̀lú àpótí kan náà, àwọ̀ kan náà, ọwọ́ akọ̀wé ti mọ ibi tí Yes wà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn tó ń kọ ètò pé kí wọ́n yẹra fún requireAdministrator àfi níbi tí iṣẹ́ bá ti fẹ́ ẹ gan-an. Ètò tó ń ṣàtúnṣe díìsìkì nílò rẹ̀, èyí tó ń yí fáyàwọ̀ọ̀lù padà náà nílò rẹ̀. Ètò tó ń ṣírò owó ilé-ìwé kò nílò rẹ̀. Ohun tó sábà ń fa kí wọ́n fi í síbẹ̀ ni pé ètò ń kọ dátà rẹ̀ sínú Program Files, ẹni tó kọ ọ́ rí i pé Windows kọ̀ fún un, ó sì gba ọ̀nà ẹ̀bùrú: ó tọrọ gbogbo agbára. Kó gbé dátà ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ sínú AppData, kó gbé èyí tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò lọ sínú fódà kan nínú ProgramData tí ó ti ṣètò àṣẹ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé ètò náà sórí ẹ̀rọ, ìbéèrè á sì dópin. Bí iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú ètò bá nílò alákòóso, kó ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ sínú ètò kékeré tó ní requireAdministrator, kó jẹ́ kí ètò ńlá máa fi asInvoker lọ, kí ó pe ti kékeré nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì tó ní àmì apata Windows lára. Ọgbọ́n Ritchie nìyí, pẹ̀lú ìbéèrè tí setuid kò ní. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pàápàá ti ń lọ síbẹ̀: láti 2008 tí Chrome ti jáde ló ti lè gbé inú fódà aṣàmúlò láìsí alákòóso, Visual Studio Code náà sì tẹ̀ lé e ní 2018.

Ìtàn náà kò tíì parí, ibi tó sì dé báyìí yóò kan ètò tí wọ́n ń kọ ní Ìlaròó lónìí. Ní oṣù Kọkànlá 2024, Microsoft kéde Administrator protection fún Windows 11. Nínú rẹ̀, alákòóso kò tún ní máa gbé ìwé àṣẹ kíkún pamọ́ sára mọ́. Bí ètò bá tọrọ, Windows á fi aṣàmúlò ọ̀tọ̀ kan tó wà ní ìpamọ́ ṣí i, aṣàmúlò tó ní fódà tirẹ̀, ìwé àṣẹ náà á sì pòórá nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Fún ètò tó ń tọrọ nígbà tó bá nílò rẹ̀ nìkan, kò sí ohun púpọ̀ tó yí padà. Ṣùgbọ́n ètò tó ní requireAdministrator láìnídìí, tó sì ń wá dátà rẹ̀ sínú AppData ẹni tó ṣí i, inú AppData aṣàmúlò ìpamọ́ náà ni yóò lọ wò. Yóò bá fódà òfìfo níbẹ̀, nígbà tí gbogbo àkọsílẹ̀ owó ilé-ìwé láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn ṣì wà ní ibòmíràn lórí díìsìkì kan náà. Ẹni tó bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lè ṣí app.manifest rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.